Kí ló pa ìdin inú ẹ̀wà yìí? Àkọsílẹ̀ ìwádìí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn

Ẹ̀wà kan wà nínú àkójọ irúgbìn ní Ìbàdàn tí kòkòrò máa ń yé ẹyin sí lára bó ṣe ń yé e sára ẹ̀wà yòókù. Ẹyin náà á pa, ìdin á gbẹ́ èèpo wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń kú sí. Àwọn tí kò bá kú, ìdàgbà wọn á máa falẹ̀: nígbà tí ẹgbẹ́ wọn inú ẹ̀wà mìíràn bá ti di àgbà tó ti jáde, àwọn á ṣì wà ní ìdin.

Kí ló ń pa wọ́n? Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn onímọ̀ fi wá ìdáhùn ìbéèrè yìí kiri. Ìdáhùn tí wọ́n kọ́kọ́ rí dùn ún gbọ́, ó bọ́gbọ́n mu, ó sì wúlò débi pé wọ́n gbé jíìnì ẹ̀wà, ìyẹn àṣẹ inú ara tí ọmọ ń jogún lára òbí, lọ sínú tábà, sínú ìrẹsì, sínú òwú, àwọn kòkòrò kan sì jìyà rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀wà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ìdáhùn náà kò tọ̀nà. Mo ń kọ ìtàn yìí sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ irúgbìn, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú láàbù, àti ẹ̀yin tí ẹ ń dá àgbẹ̀ nímọ̀ràn, nítorí ibi tí wọ́n ti ṣìnà yẹn, ojú ọ̀nà ni, kì í ṣe inú igbó. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gba ibẹ̀ kọjá títí di òní.

Ẹyọ ẹ̀wà kan lórí àtẹ́lẹwọ́

Kòkòrò tí à ń wí ni Callosobruchus maculatus. Ẹni tó bá ti tọ́jú ẹ̀wà pamọ́ rí mọ̀ ọ́n, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ lédè Látìnì. Ẹ mú ẹyọ ẹ̀wà kan tí kòkòrò ti bà lé, ẹ gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì gbé e sún mọ́ ojú. Ẹ ó rí ẹyin tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ èèpo. Kò tó orí abẹ́rẹ́, ó sì mọ́ gaara bí ẹ̀kán omi kékeré tó gbẹ síbẹ̀. Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹyin náà á funfun bí ẹfun. Àwọn mìíràn á rò pé èyí tó funfun ti kú. Rárá o. Ìdin ti pa nínú rẹ̀, ó ti lu èèpo ẹ̀wà láti abẹ́ ẹyin gan-an láìjáde síta, ìyẹ̀fun tó ń gbẹ́ nínú ẹ̀wà ló sì ń tì sẹ́yìn tó kún inú awọ ẹyin. Ẹyin tó funfun ni ilẹ̀kùn tí olè gbà wọlé, tó sì fi erùpẹ̀ dí lẹ́yìn ara rẹ̀.

Láti ìgbà náà, inú ẹyọ ẹ̀wà kan ṣoṣo ló máa gbé. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ti ẹ̀wà náà kò yàtọ̀. Á máa bọ́ awọ, á máa tóbi, á jẹun dé abẹ́ èèpo títí ibẹ̀ á fi fẹ́lẹ́ bíi fèrèsé. Níbi tí ojú ọjọ́ bá ti móoru, kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ kí àgbà kòkòrò tó gé fèrèsé náà ní róbótó kó sì jáde. Abo kan lè yé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹyin. Àgbà kò nílò oúnjẹ kankan nínú àká: ohun tó jẹ nígbà tó wà ní ìdin ló fi ń lo ayé rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé púpọ̀ nínú ìjà tí ẹ̀wà lè bá kòkòrò yìí jà, inú ikùn ìdin ló ti máa wáyé. Mo fẹ́ kí ẹ fi ikùn ìdin yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni a óò padà sí.

Ní 1967 ni wọ́n dá IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kòkòrò dán irú ẹ̀wà tó lé ní 5,000 wò. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo ni. Wọ́n á kó kòkòrò sí ẹ̀wà, wọ́n á ka ẹyin, wọ́n á dúró, wọ́n á ka ihò tí àgbà gbà jáde. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún mú òmíràn. Mo máa ń ronú nípa àwọn tó jókòó ka ihò wọ̀nyẹn, tí orúkọ ọ̀pọ̀ wọn kò sí níbì kankan, nítorí ohun gbogbo tó tẹ̀ lé e, orí iṣẹ́ wọn ló dúró lé. Nínú gbogbo ẹ̀wà wọ̀nyí, ẹyọ kan ló kọ́kọ́ ta yọ. Ẹyin pọ̀ lára rẹ̀ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ ihò tó wà lára rẹ̀ kò tó nǹkan.

Inú àwọn atọ́rúgbìn dùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀wà náà bímọ pẹ̀lú àwọn irú tí àgbẹ̀ fẹ́ràn kí ọmọ wọn lè jogún ipá yìí. Ní 1985 ìròyìn jáde pé jíìnì méjì ló ń darí ipá náà, àti pé méjèèjì jẹ́ irú jíìnì tó máa ń fara pamọ́: bí ọmọ kò bá jogún wọn lọ́dọ̀ ìyá àti lọ́dọ̀ bàbá, ipá náà kò ní hàn lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí jọ nígbà náà.

Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fura sí

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé hóró irúgbìn ní purotéènì kan nínú tó ń di ẹ́ńsáìmù, ohun tí ara fi ń da oúnjẹ, lọ́wọ́. Ní 1945, Moses Kunitz yọ ọ̀kan jáde láti inú sóyà, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi dì bíi hóró iyọ̀. Trypsin ni ẹ́ńsáìmù tí èyí ń dí, irú èyí tí ènìyàn àti ẹran fi ń da oúnjẹ nínú. Ìdí kan nìyẹn tí ẹran tó bá ń jẹ sóyà tútù kì í fi í dàgbà dáadáa àfi tí wọ́n bá fi iná sí i. Ní 1972, onímọ̀ méjì tún fi hàn pé bí kòkòrò bá gé ewé ọ̀dùnkún tàbí ewé tòmátò kan jẹ, àwọn ewé yòókù lára igi náà, tí ohunkóhun kò tíì fọwọ́ kàn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú purotéènì bẹ́ẹ̀ jọ sínú ara wọn. Látìgbà náà ni ojú ti yí padà sí i: kì í ṣe ìdọ̀tí inú oúnjẹ lásán, ohun ìjà ewéko ni. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, màá máa pè é ní adínilọ́wọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Purotéènì inú ẹ̀wà dà bí ìlẹ̀kẹ̀ gígùn tí wọ́n sín. Ìdin kò lè lò ó bẹ́ẹ̀, àfi kó gé e sí wẹ́wẹ́ kó tó lè fà á sára. Ẹ́ńsáìmù inú ikùn rẹ̀ ni àlùmọ́gàjí tó fi ń gé e. Adínilọ́wọ́ náà jẹ́ purotéènì, ṣùgbọ́n ó na apá kan ara rẹ̀ síta tó jọ ibi tí àlùmọ́gàjí fẹ́ràn láti gé gan-an. Àlùmọ́gàjí á gbá a mú. Kò ní lè gé e já, kò sì ní lè tú u sílẹ̀, wọ́n á há mọ́ra bí egungun ẹja ṣe ń há síni lọ́fun. Ìdin náà á wá máa pèsè ẹ́ńsáìmù púpọ̀ sí i láti fi dípò èyí tó há, purotéènì ara rẹ̀ ló sì ń ná lé e lórí. Ebi á máa pa á tòun ti ikùn kíkún.

Ti inú ẹ̀wà tiwa kéré gan-an. Nǹkan bí 80 amino acid, ìyẹn ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín di purotéènì, péré ló wà nínú rẹ̀, ìdè imí-ọjọ́ méje ló so ó pọ̀, ìyẹn ni kò fi tètè bàjẹ́ lọ́wọ́ ooru. Orí méjì ló ní, ó sì lè di ẹ́ńsáìmù méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdílé Bowman-Birk ni wọ́n ń pe irú rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní University of Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ẹ̀wà Ìbàdàn yìí, wọ́n wọn ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní 1979. Adínilọ́wọ́ trypsin inú rẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì ti inú ẹ̀wà tí kòkòrò ń jẹ. Wọ́n yọ purotéènì náà jáde, wọ́n pò ó mọ́ oúnjẹ kòkòrò, kòkòrò sì jìyà. Ta ni kò ní gbà? Kòkòrò kú níbi tí adínilọ́wọ́ ti pọ̀. Adínilọ́wọ́ jẹ́ ohun tó lè pa kòkòrò. Ó dà bí ẹni tí wọ́n bá tòun ti ọ̀bẹ lẹ́bàá òkú. Èmi fúnra mi ì bá ti gbà. Ohun tí a óò wá rí lẹ́yìn náà ni pé wọ́n bá a níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ sì mú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gún un.

Tábà, 1987

Ìgbàgbọ́ yẹn ló bí iṣẹ́ tí gbogbo ayé wá mọ̀. Ní 1987, ẹgbẹ́ Durham mú jíìnì adínilọ́wọ́ láti inú ẹ̀wà, wọ́n gbé e wọnú tábà. Hóró nìkan ni ẹ̀wà ń kó o pamọ́ sí. Nínú tábà, wọ́n ṣe é kó máa jáde nínú ewé nígbà gbogbo. Nínú àwọn igi tó ṣe dáadáa jù, adínilọ́wọ́ tó nǹkan bí 1% nínú purotéènì ewé tó ń yòrò. Wọ́n kó ìdin Heliothis virescens, tó jẹ́ ọ̀tá ńlá fún tábà, lé e lórí. Àwọn ìdin náà kú, tàbí kí wọ́n má dàgbà dáadáa, wọn kò sì lè ba ewé jẹ́ bíi tàtẹ̀yìnwá.

Ọdún yẹn kan náà ni àwọn mìíràn gbé jíìnì Bt, tó wá láti ara bakitéríà inú ilẹ̀, sínú tábà. Ṣùgbọ́n ti Durham yìí, ara ohun ọ̀gbìn kan ni jíìnì ti wá láti dáàbò bo òmíràn, ìyẹn kò sì ṣẹlẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé jíìnì ẹ̀wà yìí wọnú ìrẹsì láti bá ìdin tó ń gbẹ́ inú igi ìrẹsì jà, wọ́n gbé e wọnú sítúróbẹ́rì. Ní Ṣáínà, òwú tó ní Bt pẹ̀lú adínilọ́wọ́ ẹ̀wà dé oko àgbẹ̀ bí ọ̀rúndún tó kọjá ṣe ń parí lọ. Purotéènì inú hóró ẹ̀wà, nínú oko òwú. Iṣẹ́ ribiribi ni, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ikùn ìdin ẹ̀wà.

Trypsin àti àwọn ẹbí rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tó bá kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ibi tó dà bí omi kán-ún ni wọ́n ti ń mú, ní nǹkan bíi 8 lórí òṣùwọ̀n pH tí a fi ń mọ ohun tó kan yàtọ̀ sí ohun tó dà bíi kán-ún. Irú ikùn tí ìdin labalábá ní nìyẹn: ìdin tó ń jẹ tábà, ìdin tó ń jẹ òwú, ìdin tó ń gbẹ́ igi ìrẹsì. Ikùn wọn dà bí kán-ún, trypsin àti àwọn ẹbí rẹ̀ ló ń da purotéènì fún wọn. Adínilọ́wọ́ ẹ̀wà bá wọn lára mu bíi kọ́kọ́rọ́ àti ihò rẹ̀.

Kòkòrò ẹ̀wà kì í ṣe labalábá. Ìdílé kòkòrò tí ìyẹ́ òkè wọn le ló ti wá, bíi ti ọ̀bọ̀ùnbọ̀un, ikùn ìdin rẹ̀ sì kan díẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá yẹ ikùn yẹn wò fínnífínní, wọ́n rí i pé àlùmọ́gàjí tó ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe ti ìdílé trypsin rárá. Ti ìdílé cysteine ni, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tó kan. Adínilọ́wọ́ trypsin kò ní ohun tí yóò fi í ṣe. Ẹ wo ọdún tí èyí jáde, kí ẹ sì wò ó dáadáa: 1985 láti Durham fúnra rẹ̀, 1986 láti Purdue University ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn ni pé kí tábà tó jáde ní 1987, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ pé ìdáhùn 1979 ń mì. Ní 1988, àwọn ará Purdue fi E-64, kẹ́míkà tó ń dí ẹ́ńsáìmù cysteine, sínú oúnjẹ kòkòrò ẹ̀wà, ìdàgbà rẹ̀ sì falẹ̀. Ikùn náà ti sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni purọ́, mo fẹ́ kí èyí yé wa. Iṣẹ́ méjèèjì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ń wo tábà, ìkejì ń wo ẹ̀wà, àṣeyọrí ti tábà sì tàn débi pé ìtàn ti 1979 bá a rìn lọ bí ẹni tó gun ẹṣin ẹlòmíràn. Títí di òní, ẹ óò rí ìwé tí yóò sọ pé adínilọ́wọ́ trypsin ló ń dáàbò bo ẹ̀wà Ìbàdàn yẹn.

Ní 1989, àwọn onímọ̀ ní Bràsíìlì ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò fi ẹ̀wà kan wé ẹyọ mìíràn. Wọ́n kó oríṣiríṣi ẹ̀wà jọ, èyí tó le àti èyí tí kò le, wọ́n wọn adínilọ́wọ́ inú wọn, wọ́n sì wò ó bóyá iye rẹ̀ àti ipá ẹ̀wà ń bára wọn rìn. Kò bára wọn rìn. Ní 1994, wọ́n tún yẹ ẹ̀wà Ìbàdàn náà gan-an wò ní Purdue, wọ́n sì rí i pé adínilọ́wọ́ trypsin kọ́ ni ìdí tí kòkòrò fi ń kú nínú rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ jíìnì tó ń fara pamọ́ ti 1985 ti wá ní ìtumọ̀. Bí ipá ẹ̀wà bá jẹ́ nítorí pé ó ń ṣe purotéènì kan lọ́pọ̀lọpọ̀, a óò retí kí ọmọ tó jogún jíìnì náà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo fi díẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ọmọ wọ̀nyẹn kò fi nǹkan kan hàn. Ìwà tó ń fara pamọ́ sábà máa ń sọ pé nǹkan kan ló yí padà tàbí ló sọnù, kì í ṣe pé nǹkan pọ̀ sí i. Kò tó láti dá ẹjọ́, ìyẹn dájú. Síbẹ̀, bí atọ́rúgbìn àti ẹni tó ń wọn purotéènì bá jókòó ti ara wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọn ì bá ti bi ara wọn ní ìbéèrè kan.

Oúnjẹ fúnra rẹ̀

Kí ló ń pa ìdin nígbà náà? Ibi tí ẹ̀rí tọ́ka sí lẹ́yìn náà ya èmi lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lọ́dún 1993, láti Bràsíìlì, ìròyìn jáde nípa vicilin. Vicilin kì í ṣe ohun àjèjì nínú ẹ̀wà. Òun ni purotéènì tó pọ̀ jù nínú hóró rẹ̀, oúnjẹ tí ẹ̀wà kó pamọ́ fún ara rẹ̀ dé ọjọ́ tí yóò hù. Òun náà ni ìdin wá jẹ. Nínú àwọn ẹ̀wà tó jogún ipá láti ara ẹ̀wà Ìbàdàn, vicilin wọn yàtọ̀ díẹ̀: ẹ́ńsáìmù ìdin kò rí i gé dáadáa. Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e tún fi hàn pé vicilin lè so mọ́ chitin, ohun líle tó wà lára kòkòrò, tó sì wà nínú ikùn rẹ̀ pẹ̀lú. Oúnjẹ tó lẹ̀ mọ́ ògiri ikùn, tí kò sì dà.

Ẹ rí i bó ṣe fara pamọ́ tó. Gbogbo ènìyàn ń wá májèlé kékeré kan tí wọ́n bù sínú oúnjẹ. Oúnjẹ gan-an ni wọn kò wò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kòkòrò náà kò sùn

Apá kan tún wà tí kò dùn mọ́ni, mi ò sì ní fò ó. Ní 1986, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ẹ̀wà yìí kò le bákan náà fún gbogbo ìran kòkòrò, àti pé bí wọ́n bá ń tọ́ kòkòrò lórí rẹ̀ láti ìran dé ìran, ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ ọn. Bí kòkòrò bá ń bí ìran tuntun láàrin oṣù kan, tí àpò ẹ̀wà kan sì ń wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Adínilọ́wọ́ tó bá ikùn náà mu kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Sóyà ní adínilọ́wọ́ cysteine kan, soyacystatin. Nígbà tí wọ́n fi í bọ́ kòkòrò ẹ̀wà, ó fa ìdàgbà wọn sẹ́yìn lákọ̀ọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò. Lẹ́yìn náà kòkòrò yí padà. Ìròyìn 2003 sọ ọgbọ́n mẹ́ta tó lò: ó pèsè ẹ́ńsáìmù tí adínilọ́wọ́ ń dí lọ́pọ̀ yanturu, ó pèsè irú mìíràn tí adínilọ́wọ́ kò lè dì mú, ó sì tún ní èyí tó ń gé adínilọ́wọ́ fúnra rẹ̀ jẹ. Ìdin tí kò tóbi ju ihò tó gbẹ́ lọ! Àwọn tó ń wo ìdin labalábá ti rí irú ẹ̀ ní 1995 pẹ̀lú Spodoptera exigua, tó yí ẹ́ńsáìmù ikùn rẹ̀ padà sí irú tí adínilọ́wọ́ inú ewé kò lè dí.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba ẹ̀wà pí náà ní ṣókí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá ń bá irú purotéènì yìí ṣiṣẹ́ ti kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní Ọsirélíà, wọ́n gbé adínilọ́wọ́ amylase, èyí tó ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń da sítáàṣì, láti inú ẹ̀wà pupa sínú pí. Ó pa kòkòrò pí ní tòótọ́, títí dé oko. Ṣùgbọ́n ní 2005 ìròyìn jáde pé purotéènì náà yí díẹ̀ nígbà tí pí ń ṣe é, pé ara eku láàbù kọ̀ ọ́, ẹ̀dọ̀fóró wọn wú. Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró lọ́dún yẹn. Ní 2013, àwọn mìíràn tún un dán wò ní Austria, wọ́n sì rí i pé ara eku ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀wà àti pí lásán pẹ̀lú, pí tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ kò ṣe jù wọ́n lọ. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú purotéènì yìí sínú ohun jíjẹ, kó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ti ẹnu ènìyàn lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ti ẹnu kòkòrò, kó sì fi ẹ̀wà tí wọn kò fọwọ́ kàn ṣe òṣùwọ̀n.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ la ikùn ìdin ná. Kó tó di pé ẹ wọn ohunkóhun nínú irúgbìn, ẹ mú ìdin tó ń jẹ ẹ́, ẹ yọ ikùn rẹ̀ sínú omi tútù, kí ẹ mọ̀ bóyá ó kan tàbí ó dà bíi kán-ún, kí ẹ sì mọ irú ẹ́ńsáìmù tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi omi pH 8 wọn iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù ikùn tó kan, wọ́n lè rí trypsin díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n sì rò pé òun ni ọ̀gá. Ìwọ̀n tí inú kòkòrò wà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ má fi irú kan wé ẹyọ mìíràn kan. Irú méjì máa ń yàtọ̀ síra ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀nà. Ẹ mú ọmọ tí wọ́n bí láti ara méjèèjì, ẹ tọ́ wọn dé ìran kejì níbi tí ìwà ti ń pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ọmọ tó jogún ipá náà ló jogún purotéènì náà. Iṣẹ́ àsìkò òjò méjì péré ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè gbani lọ́wọ́ ọdún mẹ́wàá.

Tí ẹ bá ń po purotéènì mọ́ oúnjẹ kòkòrò, ìwọ̀n tó wà nínú hóró gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ohunkóhun lè pa ìdin bí a bá bù ú pọ̀ tó. Ẹ sì tọ́ kòkòrò láti ibi púpọ̀, kì í ṣe èyí tó ti wà nínú ìgò láàbù látọjọ́ pípẹ́ nìkan, kí ẹ tọ́ wọn lórí irúgbìn náà fún ìran púpọ̀ kí ẹ tó jáde sọ fún àgbẹ̀ pé ó le.

Adínilọ́wọ́ ẹ̀wà kì í ṣe ohun ìjà asán, ẹni tó bá kà á bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ mi yé. Ó bá ikùn labalábá mu, níbẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́. Nínú oko ẹ̀wà Nàìjíríà, ìdin labalábá kan, Maruca vitrata, ló ń jẹ òdòdó àti èso ẹ̀wà kó tó gbó, àmọ́ jíìnì Bt ni wọ́n yàn láti bá òun jà. Ní 2019, Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀wà tó ní jíìnì náà. Ó ń pa Maruca lóko. Ìgbà tí àgbẹ̀ bá ká a, tó pa á, tó dà á sínú àpò, kòkòrò ẹ̀wà á tún bà lé e, nítorí ti ìdílé mìíràn ni, Bt yẹn kò kàn án. Nítorí náà wọ́n á tún rọ ẹ̀wà ọ̀hún sínú àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, irú èyí tí àwọn ará Purdue bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n á so ẹnu rẹ̀ pa, ìdin inú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tó kù tán. Bí ẹ bá tú u lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí ẹ gbé ẹyọ kan sórí àtẹ́lẹwọ́, ẹyin tó funfun á ṣì wà lára èèpo, ihò kò sì ní sí níbẹ̀.